Mirror ń sọ tibí, npm ń sọ tọ̀hún: báwo lẹ ṣe ń mọ̀ pé sọ́fítíwíà ti tó gbé jáde?

Kóòdù_Bódìjà

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí kí òpin oṣù tó ká wa mọ́.

Áàpù ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù la ń ṣe: ẹ̀yáwó, owó oṣooṣù, èlé, èrè ọdún. JavaScript ló wà níwájú, Java wà lẹ́yìn, Python díẹ̀ ló ń tẹ ìwé ìṣirò. Ẹ̀dà tuntun ti wà lórí staging (sáfà ìdánwò), àwọn akápò ẹgbẹ́ kan ti lò ó, ọkàn wọn balẹ̀ sí i. A fẹ́ gbé e jáde kí wọ́n tó yọ owó ẹgbẹ́ lára owó oṣù àwọn èèyàn, torí tó bá ti kọjá ìgbà yẹn, ó di oṣù tó ń bọ̀.

Ibi tí wàhálà wà nìyí. A kì í bá npm (ilé ìkópamọ́ package JavaScript, ìyẹn kóòdù tí àwọn ẹlòmíràn ti kọ sílẹ̀) tàbí Maven Central (ti Java) sọ̀rọ̀ ní tààrà. Mirror la ní, ibi ìkópamọ́ tiwa tó ń di ẹ̀dà àwọn package wọn mú, torí owó dátà, àti torí pé íntánẹ́ẹ̀tì ọ́fíìsì wa máa ń ṣe bó ṣe wù ú. Diski sáfà tí mirror yẹn wà lórí rẹ̀ bàjẹ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá, àwọn tó ń bá wa tọ́jú rẹ̀ ní àwọn ti tún un ṣe. Látìgbà náà, ọ̀rọ̀ ẹnu mirror ò dúró sójú kan. Kọ̀ǹpútà tèmi rí ẹ̀dà tuntun jar (package Java) kan, CI (ẹ̀rọ tó ń kọ́ áàpù fún wa) ní kò sí ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. `npm audit`, tó ń wá àlébù ààbò, ní kò séwu lánàá, lónìí ó ka mọ́kànlá, bẹ́ẹ̀ sì ni ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kan kóòdù. Package mìíràn wà tí mirror ní wọ́n ti pa tì, ojú ìwé npm ò sọ bẹ́ẹ̀.

Ọ̀gá mi fẹ́ gbọ́ bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Ẹ̀yin tí irú èyí ti ṣẹlẹ̀ sí rí, kí lẹ fi ń mọ èyí tó yẹ kí èèyàn sọ?

ÌyáTẹ́sítà

Pẹ̀lẹ́, àbúrò mi. Má tíì dá ọ̀gá lóhùn.

Mirror máa ń sọ oríṣi ọ̀rọ̀ mẹ́ta, o sì ti da mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀. Ó ń sọ ohun tó wà nílẹ̀: orúkọ package àti àwọn ẹ̀dà rẹ̀. Ó ń sọ ohun tí àwọn èèyàn wí nípa rẹ̀: wọ́n ti pa á tì, ó ní àlébù ààbò, ẹ̀dà báyìí ni "latest". Lẹ́yìn náà, ó ń gbé fáìlì gan-an fún ẹ. Fáìlì nìkan ló ń dé ọ̀dọ̀ oníbàárà. Méjì tó ṣáájú lè máa parọ́ látàárọ̀ ṣúlẹ̀, tí fáìlì bá pé, tó sì jẹ́ èyí tí o dán wò, sọ́fítíwíà rẹ ṣì jẹ́ ohun tó jẹ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá.

Nítorí náà fáìlì ni kí a kọ́kọ́ bi. Ṣé package-lock.json (lockfile, ìwé tó kọ ẹ̀dà package kọ̀ọ̀kan àti hash rẹ̀, ìyẹn àmì ìdánimọ̀ fáìlì) wà nínú git yín, àbí `npm install` lásán ni CI ń ṣe? `npm install` lè tún lockfile kọ láì bi ẹnikẹ́ni. `npm ci` kì í tún nǹkan kọ: ó máa pa node_modules rẹ́, ó máa gbé ohun tí lockfile dárúkọ gan-an, tí lockfile àti package.json ò bá sì bára mu, ó máa kọ̀ jálẹ̀. Ṣe é, kí o wá sọ ohun tó wí.

Baba_Maven

Ní ti jar tí CI ní kò sí: ẹ wo inú ~/.m2/repository lórí CI yẹn. Tí ẹ bá rí fáìlì tí orúkọ rẹ̀ parí sí .lastUpdated, ìdáhùn àná ni Maven ń kà fún yín. Bí Maven bá béèrè jar kan tí kò rí i, ó máa kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò sí, kò sì ní béèrè mọ́ fún ọjọ́ kan gbáko, àfi tí ẹ bá yí ètò náà padà. Ó máa ń sọ ọ́ nínú ọ̀rọ̀ pupa tó ń tẹ̀ jáde, "This failure was cached in the local repository", àmọ́ ìlà yẹn gùn débi pé kò sẹ́ni tó ń kà á dé ìparí.

Mirror náà ní ìwé "kò sí" tirẹ̀. Lórí Nexus (sọ́fítíwíà tí wọ́n fi ń ṣe mirror), Not Found Cache lorúkọ rẹ̀, 1440 ìṣẹ́jú ló sì máa ń fi dì í mú tí ẹ ò bá fọwọ́ kàn án. `mvn -U` máa mú kí kọ̀ǹpútà tún béèrè, ṣùgbọ́n kò lè mú kí mirror gbàgbé. Ẹni tó ń tọ́jú sáfà ló máa nu ìyẹn. Lójú tèmi, èyí ò kan bóyá áàpù yín ti tó gbé jáde rárá, àyàfi tó bá jẹ́ pé ẹ nílò ẹ̀dà tuntun jar náà. Ṣé ẹ nílò rẹ̀?

Kóòdù_Bódìjà

A ò nílò rẹ̀, sà. IDE mi ló kàn ń tọ́ka sí i pé ó ti jáde.

Baba_Maven

Ẹ fi sílẹ̀ nígbà náà. Kì í ṣe ọ̀sẹ̀ yìí.

Ajé_Yára

Kí ni gbogbo ariwo yìí? Ẹ pa package-lock.json àti node_modules rẹ́, ẹ tún `npm install` ṣe. Ó máa ṣiṣẹ́. Ohun tí gbogbo èèyàn ń ṣe nìyẹn.

Kóòdù_Bódìjà

Mo ti ṣe `npm ci`, mà. EINTEGRITY ló jù sí mi lójú, lórí package kékeré kan tó ń tún ọjọ́ àti oṣù kọ. Ṣé kí n ṣe bí Ajé_Yára ṣe wí?

ÌyáTẹ́sítà

Rárá o! Ọwọ́ rẹ ò gbọdọ̀ kan lockfile yẹn.

Ohun tí npm ń sọ fún ẹ ni pé fáìlì tí mirror gbé wá yàtọ̀ sí èyí tí lockfile mọ̀. Lockfile yẹn ni ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo tó ti wà nílẹ̀ kí diski tó bàjẹ́. Tó o bá pa á rẹ́, mirror kan náà ni npm máa lọ bi pé kí ló tọ́, ohun tó bá sì sọ ni yóò kọ sínú lockfile tuntun. EINTEGRITY á lọ, ohun tó fà á á wà níbẹ̀.

Ọmọ_Peckham

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ti sọ ọ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ẹ ṣe máa yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ fi íntánẹ́ẹ̀tì fóònù yín ṣe é, kí ó má bàa gba ọ̀dọ̀ mirror kọjá. Ẹ gbé fáìlì náà láti ọ̀dọ̀ npm ní tààrà, kí ẹ ṣírò hash rẹ̀ fúnra yín:

`curl -O https://registry.npmjs.org/ORÚKỌ/-/ORÚKỌ-Ẹ̀DÀ.tgz`
`openssl dgst -sha512 -binary ORÚKỌ-Ẹ̀DÀ.tgz | openssl base64 -A`

Ẹ fi ohun tó bá jáde wé ohun tó wà lẹ́yìn "sha512-" nínú ìlà integrity ti package yẹn. Ẹ ṣe bákan náà fún fáìlì tó wá láti mirror.

Bí ti npm bá bá lockfile mu, mirror ló jẹ̀bi, ọ̀rọ̀ ti tán, àtúnṣe sáfà ló kù. Bí ti npm kò bá bá lockfile mu, ẹ dá gbogbo nǹkan dúró. npm kì í gbà kí wọ́n fi orúkọ kan àti nọ́ḿbà kan gbé ohun méjì jáde, kódà tí wọ́n bá ti pa ti àkọ́kọ́ rẹ́. Nítorí náà ibòmíràn ni lockfile ti rí hash yẹn, tàbí ẹnìkan ti fọwọ́ yí i. Ẹ wo ìlà resolved, kí ẹ wo `git log -p package-lock.json`, kí ẹ mọ ẹni tó fi ìlà náà wọlé àti ọjọ́ tó fi wọlé. Títí ẹ ó fi mọ̀ ọ́n, bẹ́ẹ̀ kọ́ ni ìdáhùn ọ̀gá.

Kì í ṣe gbogbo hash tó yí padà ni olè yí o. Ní 30 oṣù kìíní 2023, GitHub yí ọ̀nà tí wọ́n ń gbà fún àwọn fáìlì .tar.gz tí wọ́n ń ṣe fúnra wọn pọ̀. Kóòdù inú wọn ò yí padà, àmọ́ hash yí padà, build àwọn èèyàn sì wó káàkiri ayé. Ọjọ́ yẹn náà ni wọ́n dá a padà sí bó ṣe wà. Tí ẹ bá ní ohunkóhun nínú lockfile tó tọ́ka sí github.com dípò registry, ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Kóòdù_Bódìjà

Ti npm bá lockfile mu, lẹ́tà sí lẹ́tà. Ti mirror kéré sí i. Mo fi `tar -tzf` ṣí i, ó ka fáìlì mélòó kan, ó wá ké pé òpin fáìlì dé láìròtẹ́lẹ̀. Ó ti gé sọ́nà.

Infra_Òṣogbo

Diski ni. Kò jọ pé ẹnikẹ́ni wọlé. Ṣùgbọ́n tí ọ̀kan bá gé, kò dájú pé òun nìkan ló gé. Npm ò sọ fún yín nípa àwọn yòókù torí pé ó ní wọn nínú cache (àpò ìkópamọ́) kọ̀ǹpútà yín láti ọjọ́ pípẹ́, kò lọ béèrè wọn. Ẹ fún un ní cache òfìfo:

`npm ci --cache /tmp/cache-tuntun`

Báyìí gbogbo wọn pátá ló máa gba ọ̀dọ̀ mirror wá, hash gbogbo wọn ló sì máa yẹ̀ wò. Ó máa jẹ dátà, ẹ dárí jì mí.

Java le ju bẹ́ẹ̀ lọ nítorí Maven ò ní lockfile tirẹ̀. Ẹ fi `-C` sí i: tí checksum (hash fáìlì) kò bá bára mu, Maven 3 kàn máa ń kùn ni, ó sì máa bá iṣẹ́ lọ, `-C` ló máa mú kó dúró. Ẹ lo àpò òfìfo níbẹ̀ náà, `-Dmaven.repo.local=/tmp/m2`. Ẹ sì wá "SNAPSHOT" àti ẹ̀dà tí wọ́n kọ bí `[1.2,2.0)` nínú pom.xml. Tí ẹyọ kan bá wà níbẹ̀, ohun tí ẹ dán wò lánàá àti ohun tí ẹ máa kọ́ lọ́la lè má jẹ́ ọ̀kan náà, kódà tí mirror bá ń sọ òótọ́.

Ààbò_Lójú_Ọ̀nà

Ẹ jẹ́ ká dé orí audit, torí òun ló máa ń da oorun àwọn ọ̀gá láàmú.

Òdo àná àti mọ́kànlá òní: èmi ò gba èyíkéyìí nínú wọn gbọ́ báyìí. Audit kì í ka kóòdù yín. Orúkọ àti nọ́ḿbà ló ń kó lọ bi registry pé ṣé ẹ mọ nǹkan burúkú nípa àwọn wọ̀nyí. Tí mirror kò bá gbé ìbéèrè náà dé ọ̀dọ̀ npm, òdo rẹ̀ kò yàtọ̀ sí pé kò sẹ́ni tó dáhùn. Bí ẹni tó ń ra ìrẹsì ṣe máa ń kọ́kọ́ gbé ohun tó mọ ìwúwo rẹ̀ sórí òṣùwọ̀n oníṣòwò tí kò dá a lójú, ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún mirror. Ẹ ṣí fódà òfìfo, kí ẹ ṣe:

`npm init -y`
`npm i lodash@4.17.15`
`npm audit`

Gbogbo ayé ló mọ̀ pé ẹ̀dà lodash yẹn ní àlébù, 4.17.21 ni wọ́n ti tún CVE-2021-23337 ṣe (CVE ni nọ́ḿbà tí wọ́n fi ń dárúkọ àlébù ààbò). Tí audit bá ní kò séwu, audit yín ò ṣiṣẹ́, ẹ má fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣe ìpinnu kankan. Fún Java, log4j-core 2.14.1 ni kí ẹ fi dán ẹ̀rọ ìyẹ̀wò yín wò, èyí tí Log4Shell, àlébù ńlá kan, wà nínú rẹ̀. Ẹ rántí pa fódà náà rẹ́ o, ẹ má fi í sílẹ̀ kó lọ wọ git.

Lẹ́yìn náà ẹ bi npm fúnra rẹ̀: `npm audit --omit=dev --registry=https://registry.npmjs.org`. `--omit=dev` yẹn ṣe pàtàkì. Ó lè jẹ́ pé nínú mọ́kànlá, ohun èlò tí ẹ fi ń kọ́ áàpù ló pọ̀ jù, wọn kì í dé ọwọ́ akápò ẹgbẹ́ kankan. Èyí tó bá kù, ìbéèrè kan ni kí ẹ bi í: ṣé ohun tí àjèjì lè tẹ̀ tàbí fáìlì tó lè gbé wọlé ń dé ọ̀dọ̀ package yìí? Package tó ń ṣí Excel tí ọmọ ẹgbẹ́ gbé wọlé, ẹ tún un ṣe kí ẹ tó jáde. Package tó ń kun àwọ̀ sí lẹ́tà inú terminal lè dúró.

Ẹ má sì rò pé mirror nìkan ló ń gbàgbé nǹkan. Láti oṣù kejì 2024 ni iṣẹ́ àlàyé CVE ní NVD, àkójọ àlébù ti àjọ NIST lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ti falẹ̀. Ọ̀pọ̀ CVE ló jáde láìní ìwọ̀n ewu, láì sì sọ sọ́fítíwíà tó kàn ní ọ̀nà tí ẹ̀rọ lè kà. Ẹ̀rọ ìyẹ̀wò tó gbára lé NVD nìkan máa fò wọ́n kọjá wẹ́rẹ́. Ẹ fi OSV, àkójọ àlébù mìíràn, kún un.

Alága_Iṣẹ́

Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín bọ̀, mo sì fẹ́ béèrè ohun tí kò sẹ́ni tó béèrè. Èmi kì í ṣe onímọ̀ kóòdù bíi tiyín, iṣẹ́ mi ni kí n rí i pé nǹkan jáde lásìkò.

Ẹ ní àwọn akápò ti lo ẹ̀dà tuntun, wọ́n sì fẹ́ràn rẹ̀. Kí ló dé tí ẹ tún fẹ́ kọ́ òmíràn? Èyí tí wọ́n dán wò, ṣé ẹ ò lè mú òun gan-an lọ sí production (ibi tí oníbàárà ti ń lò ó)? Tó bá jẹ́ pé kí diski tó bàjẹ́ lẹ ti kọ́ ọ, kí ni mirror fẹ́ bá a ṣe?

ÌyáTẹ́sítà

Ọ̀gá mi, ẹ ti pa á. Ìbéèrè tó yẹ kí n fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ mi nìyẹn.

Kóòdù_Bódìjà

Jar wà nílẹ̀, sà, kí diski tó bàjẹ́ la ti kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ti iwájú, CI ló ń tún un kọ́ nígbà tí a bá ń gbé e lọ sí production, torí àdírẹ́sì API ti staging ti wọ inú JavaScript tí wọ́n kọ́. Tí a bá mú èyí tó wà lórí staging, staging ni àwọn oníbàárà á máa bá sọ̀rọ̀.

Ọmọ_Peckham

Ó wọ́pọ̀ gan-an. Tó bá yá, ẹ mú àdírẹ́sì náà jáde sínú config.json tí áàpù máa kà nígbà tó bá ṣí, kí ẹ lè gbé ohun kan ṣoṣo láti staging dé production. Kì í ṣe ọ̀sẹ̀ tí ẹ fẹ́ gbé nǹkan jáde lẹ máa ṣe ìyẹn o.

Fún ìsinsìnyí: ẹ tún ti *staging* kọ́ lónìí, láti inú lockfile kan náà, commit kan náà, Node kan náà, kí ẹ gbé package láti ọ̀dọ̀ npm ní tààrà. Ẹ fi `diff -r` wé e pẹ̀lú èyí tó wà lórí staging. Tí kò bá sí ìyàtọ̀, ẹ ti mọ̀ pé ohun tí ẹ ń kọ́ lónìí ni ohun tí àwọn akápò lò. Kí ẹ wá kọ́ ti production, kí ẹ tún `diff -r` ṣe: àdírẹ́sì nìkan ló yẹ kó yàtọ̀, àti orúkọ fáìlì tó ní hash nínú. Tí ẹ bá rí ìyàtọ̀ mìíràn, ẹ ka ìyàtọ̀ náà. Nígbà mìíràn ọjọ́ àti aago tí ẹnìkan fi sínú build ni, ìyẹn ò ṣe nǹkan.

Baba_Maven

Mo fara mọ́ ọ̀rọ̀ Alága, àmọ́ ó ku ibì kan. Ká ní ẹ gbé e jáde, èlé wá ń ṣírò òdì lálẹ́ ọjọ́ tí wọ́n ń yọ owó. Ẹ rí ìlà tó bàjẹ́, ẹ tún un ṣe. Ṣé ẹ lè kọ́ jar tuntun lóru yẹn pẹ̀lú mirror tó wà báyìí? Lójú tèmi, ẹni tí kò bá lè tún un kọ́ kò tíì ṣe tán láti gbé e jáde, bó ti wù kí jar ọwọ́ rẹ̀ dára tó.

Nítorí náà ẹ kó gbogbo ohun tí build nílò jọ nísinsìnyí, kí ẹ sì fi hàn pé ó pé. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé `mvn dependency:go-offline` nìkan. Ó máa ń fi àwọn ohun tí Surefire (ohun tí Maven fi ń ṣe tẹ́sítì) ń wá nígbà tí tẹ́sítì bá bẹ̀rẹ̀ sílẹ̀, ìgbà tí íntánẹ́ẹ̀tì bá lọ lẹ máa tó mọ̀. Ẹ ṣe `mvn -C -Dmaven.repo.local=/tmp/m2 verify` dópin pẹ̀lú íntánẹ́ẹ̀tì, kí ẹ wá fi `-o` kún un, kí ẹ tún un ṣe. Tó bá kọjá, ẹ di /tmp/m2 pọ̀, ẹ gbé e síbi tí kì í ṣe sáfà yẹn. Ti npm: `npm ci --offline --cache /tmp/cache-tuntun`. Tí Docker lẹ ń lò, `docker build --network=none` kì í jẹ́ kí èèyàn tan ara rẹ̀.

Ọmọ_Kétu

Ẹ kú àsọyé. Ti Python ní kíákíá, torí ẹ mẹ́nu bà á lẹ́ẹ̀kan tí ẹ fi sílẹ̀.

Tó bá jẹ́ `--extra-index-url` lẹ fi ń so mirror yín mọ́ PyPI (ilé ìkópamọ́ package Python), ẹ yọ ọ́. pip, tó ń gbé package Python wọlé, kì í ka èyíkéyìí sí àgbà nínú méjèèjì. Ẹ̀dà tí nọ́ḿbà rẹ̀ bá ga jù ló ń mú. Ohun tó ṣe àwọn tó ń lo PyTorch nightly lórí Linux nìyẹn lásìkò Kérésìmesì 2022: torchtriton tí ẹnìkan gbé sórí PyPI ló wọlé dípò ti PyTorch fúnra wọn. `--index-url` kan ṣoṣo, `--require-hashes` nínú requirements, kí ẹ fi `pip download` kó wọn sí fódà kan tí ẹ ó máa fi `--no-index --find-links` kà.

Tí pip bá ní wọ́n ti yank (fà sẹ́yìn) ẹ̀dà tí ẹ ń lò, ẹ ka ìdí tí wọ́n kọ síbẹ̀. Tí ẹ bá ti fi `==` dè é, ó ṣì máa wọlé. Yank kì í ṣe ìparẹ́.

Ààbò_Lójú_Ọ̀nà

Ẹ jẹ́ kí n fi ohun kan kún ọ̀rọ̀ "ti npm ni òótọ́", kí ẹnikẹ́ni má bàa gbé e lọ jìnnà jù. Ojú ìwé npm náà lè má bá fáìlì mu. Ní oṣù kẹfà 2023, Darcy Clarke, tó ti ṣiṣẹ́ ní npm rí, kọ ọ́ síta pé npm kì í fi àlàyé tó ń fi hàn nípa package wé package.json tó wà nínú fáìlì náà. Èèyàn lè kọ sójú ìwé pé òun ò gbára lé ẹnikẹ́ni, kí inú fáìlì máa sọ nǹkan mìíràn. Package tí ẹ ò bá gbọ́kàn lé, `npm pack` ni kí ẹ fi gbé e, kí ẹ ṣí i fojú rí.

Ọ̀rọ̀ xz (irinṣẹ́ tó ń fún fáìlì pọ̀) ti oṣù kẹta 2024 tún burú jù. Ẹni tó ka git ti ẹ̀dà 5.6.0 àti 5.6.1 kò ní rí build-to-host.m4 tó ṣí ọ̀nà ẹ̀bùrú náà, inú tarball (àpò fáìlì) tí wọ́n gbé jáde nìkan ló wà. Andres Freund, ẹnìkan tó ń kọ sọ́fítíwíà, rí i nítorí pé SSH (ọ̀nà ìwọlé sí sáfà) fi bí ìdajì ìṣẹ́jú àáyá pẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ lórí Debian sid. Hash tarball yẹn tọ̀nà. Ìbuwọ́lùwé rẹ̀ tọ̀nà. Ohun tí hash ń sọ ni pé fáìlì yìí ni ẹ ní ní tòótọ́. Kò sọ ìwà ẹni tó kọ ọ́.

Ohun tó máa ń dáàbò bo àwa kéékèèké ni pé ká má sáré. Ní 8 oṣù kẹsàn-án 2025, wọ́n fi ẹ̀tàn gba àkáǹtì ẹni tó ń tọ́jú chalk àti debug, package npm méjì, wọ́n sì gbé ẹ̀dà olóró jáde (chalk 5.6.1, nọ́ḿbà yẹn ò ríre). Kí ọjọ́ tó tán wọ́n ti yọ wọ́n lórí npm. Ẹni tí kì í gbé ẹ̀dà tí kò tíì pé ọ̀sẹ̀ kan kò mọ̀ pé nǹkan ṣẹlẹ̀. pnpm (irinṣẹ́ bíi npm) ti ní minimumReleaseAge fún irú èyí láti 10.16, ìṣẹ́jú ni wọ́n fi ń kà á. Àmọ́ ẹ̀yin tí ẹ ní mirror, ẹ gbọ́: ohun tí npm ti yọ kúrò lè ṣì wà nínú cache tiyín, kó máa rẹ́rìn-ín. Ẹ wá a níbẹ̀.

Infra_Òṣogbo

Òótọ́ ni. Ìyẹn náà ló sì fa ti "wọ́n ti pa á tì" tó ń da Bódìjà láàmú. Ẹni tó ni package ló ń kọ ọ́, ó sì lè fagi lé e nígbàkígbà. Ẹ̀dà ọ̀rọ̀ rẹ̀ àtijọ́ ni mirror dì mú. `npm view ORÚKỌ deprecated --registry=https://registry.npmjs.org`, kí ẹ gba ohun tó bá sọ, kí ẹ máa lọ.

Kóòdù_Bódìjà

Ẹ ṣé gan-an, gbogbo yín. Mo ti ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Cache òfìfo tún rí àwọn fáìlì mìíràn tó gé. Àwọn olùtọ́jú sáfà ti pa gbogbo cache rẹ́, wọ́n ń gbé e wọlé lẹ́ẹ̀kan sí i. lodash 4.17.15 kọjá níwájú mirror láìsí ariwo, ìyẹn ni pé òdo àná yẹn kò jẹ́ nǹkan kan. npm fúnra rẹ̀ ní méjì nínú mọ́kànlá ló kan production. Ọ̀kan ń ka fáìlì tí èèyàn ń gbé wọlé, a ti gbé e sí ẹ̀dà tó ní àtúnṣe. Diff ti staging kò ní ìyàtọ̀ kankan kí a tó ṣe àtúnṣe yẹn. Build tí kò ní íntánẹ́ẹ̀tì kọjá, ti Java àti ti npm.

Ohun tí mo fẹ́ kọ sí ọ̀gá nìyí, ẹ bá mi wò ó:

"Ẹ kú iṣẹ́, sà. A ti ṣe tán. Jar tí àwọn akápò lò náà la máa gbé jáde, a ò tún un kọ́. Ti iwájú, a tún un kọ́ láìlo mirror, package kan ṣoṣo ló yí padà nínú rẹ̀, nítorí ààbò. Mirror ṣì ń ní ìṣòro, àmọ́ a lè tún gbogbo rẹ̀ kọ́ láìsí i. Kò sí ewu ààbò kankan nínú rẹ̀."

ÌyáTẹ́sítà

Ó dáa, àyàfi ìlà tó kẹ́yìn. Ìwọ ò mọ̀ bẹ́ẹ̀, èmi náà ò mọ̀ bẹ́ẹ̀. Kọ ọ́ pé: "A bi npm àti OSV lónìí, àlébù kan ṣì wà tí a mọ̀, kò kan ohun tí àjèjì ń tẹ̀, a máa tún un ṣe nínú ẹ̀dà tó ń bọ̀." Kọ ọjọ́ àti aago tí o bi wọ́n sí i. Fi sha256 jar náà sísàlẹ̀, kí ẹni tó máa gbé e sórí production lè yẹ̀ ẹ́ wò kó tó gbé e.

Nítorí package tí ẹ yí padà yẹn, jẹ́ kí akápò kan gbé fáìlì rẹ̀ wọlé lẹ́ẹ̀kan sí i lórí staging. Ibẹ̀ nìkan, kò pọn dandan kí wọ́n tún gbogbo rẹ̀ dán wò.

Kóòdù_Bódìjà

Mo ti yí i padà, mà. Akápò kan ń gbé Excel rẹ̀ wọlé lọ́wọ́ báyìí. Tó bá ti parí, lẹ́tà lọ.

Ajé_Yára

Ẹ má bínú o, èmi tí mo ti pa lockfile tèmi rẹ́ lánàá ńkọ́?

Baba_Maven

Ṣé o ti commit rẹ̀? Tí o kò bá tíì ṣe bẹ́ẹ̀, `git restore package-lock.json`. Tí o bá ti ṣe é, wá a nínú `git log -- package-lock.json`, kí o mú èyí tí ẹ fi kọ́ ẹ̀dà tó wà lọ́wọ́ oníbàárà yín, kí o sì ṣe `npm ci`. Tó bá ju EINTEGRITY, padà lọ ka ọ̀rọ̀ Ọmọ_Peckham lókè.